Lọ Wo Ojú Ẹni Tó Kọ Ọ́

Ọmọ ọmọ mi kan wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní yunifásítì, kí n gba òun nímọ̀ràn. Mo ní, "Ṣé ìmọ̀ràn lo fẹ́ ni, àbí o fẹ́ kí n kàn súre fún ọ?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní méjèèjì ni. Mo ní kó jókòó. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ òun. Ohun tí mo ń ṣe nìyí. Bó bá korò lẹ́nu yín, ẹ má bínú sí mi, kì í ṣe èmi ni mo fi ewúro sí i.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ṣe láyé mi. Ìwé ìròyìn Yorùbá kan wà ní Ṣàgámù nígbà náà, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń jáde. Kò sí mọ́, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn ọmọ ẹni tó ni ín ṣì wà láyé. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo parí sí. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò nítàn nínú: mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé mọ́dà ni, àbúrò bàbá mi mọ ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà, tí gbogbo wa ń pè ní Alága, wọ́n ní kí n wá ní Mọ́ńdè. Owó tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, ìtìjú ni.

Olóòtú wa jẹ́ ọmọ Ìsarà, tíṣà ni tẹ́lẹ̀ kó tó wá di oníròyìn. Bàbá Olóòtú la ń pè é. Ó tín-ín-rín, ojú rẹ̀ le, ẹ̀rín rẹ̀ ṣọ̀wọ́n bí òjò ọ̀gbẹlẹ̀. Òun ló fi mí sídìí títo lẹ́tà. Òjé ni lẹ́tà ayé ìgbà yẹn, kéékèèké báyìí. À ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú àpótí, à ń tò ó sórí irin ní ìdàkejì, torí ìgbà tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ni yóò tó kọjú sí ẹni tó ń kà á. Iṣẹ́ ojú ni, iṣẹ́ ẹ̀yìn ni. Bàbá Olóòtú á wá dúró lẹ́yìn mi, kò ní í kí mi, kò ní í bi mí bóyá mo ti jẹun. Bó bá rí àṣìṣe kan ṣoṣo, á fọwọ́ gbá gbogbo ìlà náà dànù, lẹ́tà á fọ́n ká sílẹ̀, á ní, "Ṣà á." Mo sunkún nídìí àpótí yẹn títí omijé fi tán lójú mi. Mo ṣépè fún un nínú ọkàn mi. Ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ náà.

Òjé a máa dúdú mọ́ni lọ́wọ́. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìyá mi kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan obì òun, àfi tí mo bá fi ọṣẹ àti kànìnkànìn bó ọwọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ti ìyá mi níbí, torí òun gan-an lọ̀rọ̀ yìí bá.

Obì gbàǹja ni ìyá mi ń tà, ní Ibido tiwa ní Ṣàgámù. Ẹni tí kì í ṣe ará Rẹ́mọ lè rò pé títà niṣẹ́ obì. Rárá o, títọ́jú ni. Ẹ ó rẹ ẹ́ sómi kí awọ rẹ̀ lè rà, ẹ ó bó o, ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó jẹ́ kí omi ara rẹ̀ fà. Ẹ ó fi ewé tútù tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, ẹ ó dà á sí i, ẹ ó sì máa tú u wò lóòrèkóòrè, ẹ ó máa ṣa èyí tí kòkòrò bá ti wọ̀. Àwọn kan wà tí wọn kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó lóko ni wọ́n ń bù sí obì, kòkòrò á sì kú pátá. Ṣùgbọ́n ẹnu lèèyàn ń fi obì sí! Ìyá mi kórìíra irú wọn bí ìgbẹ́. Ó ní ẹni tó bá fi májèlé sí ohun tí wọ́n fi ń ṣàdúrà fún ọmọ tuntun, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní í dára. Ìsọ̀ rẹ̀ wà létí títì. Bàbá mi ló kun fèrèsé rẹ̀ ní búlúù kó tó kú, fèrèsé yẹn sì ni àwọn Hausa tó ń ti Sábó wá rajà fi ń mọ̀ ọ́n. "Màmá Búlúù," bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn.

Ó wá ṣe, Bàbá Olóòtú mú mi kúrò nídìí òjé. Ó ní mo ń tètè kàwé, kí n máa bá òun tọ́jú ojú ewé kan tó wà láàárín ìwé ìròyìn wa, tí à ń pè ní Tẹnu Yín. Ibẹ̀ ni àwọn òǹkàwé ti ń sọ èrò wọn. Ohun tí ẹ̀yin ń fi fóònù ṣe lónìí, lẹ́tà la fi ń ṣe tiwa. Ẹnì kan á kọ̀wé pé àwọn télọ̀ Ṣàgámù kì í mú àdéhùn ṣẹ bí Àjíǹde bá ń bọ̀. Télọ̀ á fèsì pé ẹ̀yin náà ẹ máa tètè gbé aṣọ yín wá. Nọ́ọ̀sì á kọ̀wé pé àwọn aboyún kì í gbọ́ràn, aboyún á fèsì pé àwọn nọ́ọ̀sì ń jágbe mọ́ wa bí ẹni pé ilé ọkọ wọn la ti gbé oyún náà. Olùkọ́ ilé-ìwé gíga kan láti apá Ìkẹ́nnẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tó ń sin Ọlọ́run ní Sátidé, ní kí ìjọba yé fi ìdánwò sí ọjọ́ ìsinmi òun. Tíṣà kan tó jẹ́ ọmọ Áńgílíkà ní Ìpẹ̀rú ní ta ló sọ fún un pé ọjọ́ yẹn ni. Háà, wọ́n fà á bí ẹní ń fa okùn! Àwọn èèyàn a máa ra ìwé ìròyìn wa nítorí ojú ewé yẹn nìkan. Ìyókù, wọ́n fi ń di ẹ̀pà.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà. Lẹ́tà tó bá ti sọ̀rọ̀ ẹnì kan láìdáa, bó dárúkọ rẹ̀ bí kò dárúkọ rẹ̀, a kì í tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá Olóòtú á na lẹ́tà náà sí mi, á ní, "Lọ wo ojú ẹni tó kọ ọ́." Màá wọkọ̀ lọ, ìbáà jẹ́ Ìpẹ̀rú, ìbáà jẹ́ Òde Rẹ́mọ, ìbáà jẹ́ Ìsarà. Màá kí onítọ̀hún, màá fi lẹ́tà rẹ̀ lé e lọ́wọ́, màá ní kó kà á sókè kí n gbọ́. Ẹni tí kò bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ ka ohun tó kọ lójú ẹlòmíì, lẹ́tà rẹ̀ kò ní í wọ ìwé ìròyìn wa. Bó bá fẹ́ kí á fi orúkọ bòókẹ́lẹ́ sí i, a ó gbà, pàápàá láyé àwọn ológun tí ẹ̀rù ń ba tọmọdé tàgbà. Àmọ́ àwa gbọ́dọ̀ mọ ojú rẹ̀. Bàbá Olóòtú a máa sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Pé èyí tí kò tilẹ̀ rí ẹnìkan náà, kí la ó pe ìyẹn?

Ẹ ò mọ ohun tí kíkà sókè máa ń fojú èèyàn rí. Tíṣà ọ̀dọ́ kan wà ní Ìkẹ́nnẹ́ tó kọ̀wé nípa ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ó gbé lẹ́tà náà, ó ń kà á bí ẹni ń wàásù. Ó dé ibi tó ti pe ọkùnrin náà ní olè, ohùn rẹ̀ já. Ó wò mí. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ń gúnyán lẹ́yìnkùlé. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tí ì tẹ̀ ẹ́ ná. Mo gbọ́ ọ ni, mi ò rí i." Ó fa lẹ́tà náà ya lójú mi, ó sì fún mi lómi mu. Ìyàwó ilé kan sì wà ní Ìpẹ̀rú tí télọ̀ ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Ìyẹn jáde síta lọ kà á, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń fi èébú kún un, àwọn aládùúgbò pé lé wa lórí, télọ̀ náà sì ń gbọ́ láti òdìkejì títì. Nígbà tó kà á tán, mo ní, "Ìyá, ó ti tó." A tẹ tirẹ̀ bó ṣe wà. A kàn yọ èébú kúrò.

Ọjọ́ kan, Bàbá Olóòtú rán mi lọ sí Ìsarà lórí lẹ́tà kan tó bu ẹnu àtẹ́ lu olùtọ́jú ilé ìgbẹ̀bí. Mi ò bá ẹni tó kọ ọ́ nílé. Àwọn aládùúgbò ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ló kọ ọ́, ó tilẹ̀ ń fọ́nnu nípa rẹ̀. Mo padà wá jábọ̀.

Bàbá Olóòtú ní, "Ṣé aládùúgbò ló kọ ọ́?"

Mo ní, "Rárá, Sà."

Ó ní, "Kí lo wá ń ṣe níwájú mi?"

Mọ́tò kò sí mọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, epo wọ́n. Orí ọkọ̀ tó ru ẹ̀gẹ́ ni mo jókòó sí lọ sí Ìsarà padà. Ẹni náà kọ̀ láti kà á. Bí àyè ṣe ṣẹ́kù lójú ewé wa nìyẹn, ìwé sì fẹ́ wọ ẹ̀rọ. Mo ní, "Sà, kí la ó fi dí i?" Bàbá Olóòtú ní kí n fi í sílẹ̀ ní funfun, pé ojú ewé funfun kò pa ẹnikẹ́ni rí. Ó jáde bẹ́ẹ̀, àyè gbàràmù láàárín ìwé, àwọn èèyàn sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo ìgboro. Kò mì ín.

Bí a ṣe ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Ìgbà tó di àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn ọ̀rúndún tó kọjá, Alága ti di arúgbó, ó sì pe ọmọ rẹ̀ Káyọ̀ wá láti Èkó kó wá máa bójú tó ilé iṣẹ́. Wọ́n ní kí Bàbá Olóòtú lọ sinmi. Aago ògiri kan ni wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aago náà kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ dé Ìsarà.

Mi ò ní purọ́ mọ́ Káyọ̀. Ọmọ dáadáa ni lójú, ó lẹ́nu dídùn, ó sì gbọ́n. Ó gbé kọ̀ǹpútà wá, ó gbé jẹnẹrétọ̀ wá. Wọ́n kó gbogbo òjé wa sínú àpò, wọ́n tà á fún àwọn tó ń yọ́ irin. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Bísí ló wá ń tẹ gbogbo iṣẹ́. Ó yà mí lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lórí ẹ̀rọ yẹn, bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Nídìí òjé, bí o bá fẹ́ to ọ̀rọ̀ burúkú nípa ọmọ ẹlòmíì, ọwọ́ rẹ á kọ́kọ́ dùn ọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Káyọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí Dúpẹ́, ẹ̀yin náà! Ìlọsíwájú nìyí."

Ohun tí kò fẹ́ràn ni ìrìn àjò mi. Ó ní mo ń fi ọkọ̀ àti àkókò ṣòfò lórí lẹ́tà ènìyàn kan. Ó ní ní Èkó, bí lẹ́tà bá ti dé ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ẹni tó bá dùn kó wá fèsì. Kò sì fẹ́ rí ojú ewé funfun, ó ní ẹ̀gàn ni. Mo bá a jiyàn títí ẹnu fi bó mi. Níkẹyìn ó mú mi kúrò nídìí Tẹnu Yín, ó fi mí sí ìkéde òkú. Ó ní òkú kì í sá, kò sídìí tí màá fi wọkọ̀ lọ wo ojú wọn. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí dé egungun, ṣùgbọ́n mo ní ọmọ nílé-ìwé, mo gbé e mì.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ìwé ìròyìn jáde, mi ò tí ì kà á rárá. Mo délé ní ìrọ̀lẹ́, mo bá ìyá mi tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀. Apẹ̀rẹ̀ kún, oníbàárà kò sí. Ìyá Fọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ olóbì, ló gbé ìwé ìròyìn náà wá fún un. Ìyá mi kò mọ̀wé. Èdè Rẹ́mọ ponbele ló sì ń sọ títí ó fi kú; bí ó ṣe máa yé gbogbo yín ni màá kọ ọ́.

Ó ní, "Dúpẹ́, wọ́n ní ìwé yín sọ̀rọ̀ mi. Kà á fún mi."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó, ìyá mi."

Ó ní, "Mi ò ní kí o wò ó. Mo ní kà á."

Mo kà á. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Olùfẹ́ Ìlera, Ìpẹ̀rú, ló kọ ọ́. Ó ní kí àwọn tó ń jẹ obì ṣọ́ra. Ó ní ìyá kan wà létí títì ní Ibido, Ṣàgámù, tí fèrèsé ìsọ̀ rẹ̀ jẹ́ búlúù, pé oògùn kòkó ni ìyá náà ń bù sí obì, pé òun fi ojú ara òun rí i. Ó ní kí ìjọba gba aráàlú lọ́wọ́ irú àwọn apànìyàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò mí o. Èmi tí mo ti jókòó níwájú àìmọye èèyàn tí wọ́n ń ka lẹ́tà wọn, èmi ni mo wá ń ka èyí sókè, lójú ìyá tó bí mi. Ohùn mi já ju ti tíṣà Ìkẹ́nnẹ́ lọ.

Ìyá mi kò sunkún. Ó ní, "Ìwọ lo máa ń lọ wo ojú wọn. Ṣé o lọ wo ojú ẹni yìí?"

Mo ní, "Wọn ò gbé e gba ọ̀dọ̀ mi mọ́."

Ó ní, "Lọ wá a. Mi ò ní bá a jà. Mo kàn fẹ́ bi í pé ọjọ́ wo ló wá sí ìsọ̀ mi."

Mo wá a. Mo lọ sí Ìpẹ̀rú, mo bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn, lọ́wọ́ àwọn tíṣà, lọ́wọ́ àwọn oníkẹ́mísìtì, lọ́wọ́ àlùfáà. Mo dé Ìkẹ́nnẹ́, bóyá ó kàn fi Ìpẹ̀rú ṣe bojúbojú ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo àsìkò yẹn, obì ìyá mi ń bẹ nínú apẹ̀rẹ̀. Àlájì tó ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé wá láti Sábó. Ó ní, "Màmá, èmi mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí èmi ń tà fún lókè ilẹ̀ Hausa ọ̀hún, wọn ò mọ Màmá. Wọ́n ti gbọ́." Ó bẹ ìyá mi, ó tẹ̀ríba, ó lọ. Kò padà wá. Ẹgbẹ́ olóbì ní kí ìyá mi ṣì máa jókòó nílé ná, kí orúkọ gbogbo wọn má bàa bàjẹ́ pọ̀. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú, ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ti jẹ obì rẹ̀ dàgbà!

Nígbà tí ó sú mi, mo tọ Bísí lọ nídìí kọ̀ǹpútà. Mo ní, "Bísí, fi lẹ́tà Olùfẹ́ Ìlera hàn mí, kí n wo ọwọ́ tó fi kọ ọ́."

Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó wẹ̀yìn wò. Ó ní, "Àǹtí, kò sí lẹ́tà kankan."

Mo ní, "Báwo ni kò ṣe sí lẹ́tà?"

Ó ní, "Àyè ló kù lójú ewé, a ò rí nǹkan fi dí i. Ọ̀gá Káyọ̀ dúró sẹ́yìn mi, òun ló ń sọ ọ́ lẹ́nu, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ìyá yín ni, mo fi Ọlọ́run búra."

Gbogbo Ìpẹ̀rú tí mo tú kiri, èèyàn tí kò sí ni mò ń wá!

Mo wọlé tọ Káyọ̀ láìkanlẹ̀kùn. Mo bi í pé kí ni ìyá mi ṣe fún un. Kò mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí ó wá yé e, ó dìde, ó gbọ́wọ́ lérí. Ó ní òun kò mọ ìyá mi, òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìyá mi ń ta obì. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn kan ń fi oògùn kòkó sí obì, òun sì rò pé ọ̀rọ̀ tó yẹ kí aráàlú gbọ́ ni.

Mo ní, "Fèrèsé búlúù ńkọ́?"

Ó ní, "Àǹtí Dúpẹ́, ibẹ̀ ni mo máa ń gbà kọjá tí mo bá ń bọ̀ níbi iṣẹ́. Mo kàn fẹ́ kí ó dà bí òótọ́ ni. A ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

A ò dárúkọ ẹnikẹ́ni! Ará Èkó ni lóòótọ́. Ní Èkó, fèrèsé búlúù lè tó ẹgbẹ̀rún. Ní Ibido wa, ọ̀kan ṣoṣo ló wà, gbogbo Rẹ́mọ ló sì mọ ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀. Mo sọ ọ́ sí i lójú pé ó ti pa ìyá mi. Ó ń sunkún. Ẹkún rẹ̀ kò ta obì kan.

Mo lọ bá Alága nílé. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sí iwájú ìwé ìròyìn pé irọ́ ni, pé kò sí ẹnì kankan tó kọ̀wé, pé ilé iṣẹ́ ló hùmọ̀ rẹ̀. Alága mí kanlẹ̀. Ó ní, "Dúpẹ́, bí a bá kọ ìyẹn, ta ni yóò tún gba ohunkóhun tí a bá kọ gbọ́? Bá mi gbà á bẹ́ẹ̀. A ó ṣe àtúnṣe díẹ̀." Àtúnṣe díẹ̀ náà rèé: ìsàlẹ̀ ìkéde òkú ni wọ́n fi sí, nídìí tèmi. Wọ́n ní a sọ ọ́ nínú ìwé wa pé ìyá olóbì tó ní fèrèsé búlúù ní Ibido ń fi oògùn kòkó sí obì, àmọ́ ìwádìí ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ má bínú. Àwọn tí kò ka ti àkọ́kọ́ rárá ka ìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà kò tí ì dé, ibẹ̀ náà ló wá dé. Ìyá mi ra ọ̀dà dúdú, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kun fèrèsé tí ọkọ rẹ̀ kùn sílẹ̀ fún un. Mo bá a níbẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Bóyá. Ìgbà tí tiwa bá a, irọ́ ti ná ọjà rẹ̀ tán, ó ti palẹ̀ mọ́.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ìsarà, mo ròyìn fún Bàbá Olóòtú. Ó gbọ́ ọ tán. Ó wọlé, ó pààrọ̀ aṣọ, ó sì tẹ̀ lé mi padà sí Ṣàgámù, bó ti gbó tó yẹn. Ìsọ̀ la ti bá ìyá mi. Kí n tó ráyè sọ̀rọ̀, Bàbá Olóòtú ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ìyá mi pariwo. "Háà! Bàbá, ẹ dìde! Ẹ̀yin kọ́!"

Ó ní, "Èmi ni mo dá ojú ewé yẹn sílẹ̀, Ìyá Dúpẹ́. Èmi ni mo kọ́ wọn ní Rẹ́mọ yìí pé ohun tó bá wà níbẹ̀, òótọ́ ni. Ìyẹn ni wọ́n ṣe gbà á gbọ́."

Ìyá mi fà á dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára agbádá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹni tó yẹ kó wá kò wá." Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Bàbá Olóòtú náà sunkún. Ọjọ́ tí mo máa rí omijé ọkùnrin yẹn, irú ọ̀rọ̀ báyìí ló jẹ́ kí n rí i.

Mi ò padà síbi iṣẹ́ mọ́. Mi ò kọ̀wé pé mò ń lọ, wọn kò sì fún mi ní aago ògiri. Ìwé ìròyìn náà kú fúnra rẹ̀ kò pẹ́ sígbà yẹn, bébà ti gbówó lórí. Káyọ̀ padà sí Èkó. Mo gbọ́ pé ó rí towó ṣe. Ẹni tó ṣu a máa gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé.

Ṣé ẹ ṣì fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà? Ẹ ṣe é. Mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Ọdún tí mo lò nídìí rẹ̀ kó tó bàjẹ́, mo gbádùn rẹ̀, irọ́ ni màá pa bí mo bá sẹ́. Ṣùgbọ́n mo ń rí yín lórí fóònù yín. Ẹ ń sọ pé dókítà báyìí ò mọṣẹ́, pé oníbúrẹ́dì báyìí ń fi nǹkan burúkú sí i, orúkọ yín kò sí níbẹ̀, ojú yín kò sí níbẹ̀, igba èèyàn á sì fi àtàǹpàkò gbè é lẹ́sẹ̀. Kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ kà á sókè lójú ẹnì kan. Bí ẹ bá rí i pé ohùn yín ń já, ẹ pa á rẹ́. Ìmọ̀ràn tí mo ní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá mi kú kí ọ̀rúndún yẹn tó parí. Àìsàn kan kò ṣe é tó lórúkọ. Ó kàn ń jókòó, ó ń jókòó, títí tí kò fi dìde mọ́. Èèyàn pọ̀ níbi ìsìnkú rẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ olóbì ló wá, wọ́n wọ aṣọ dúdú. Ìyá Fọlá sunkún ju àwa ọmọ lọ. Ó dìde láàárín èrò, ó ní òun kò rí olóòótọ́ bí ìyá wa rí nínú òwò obì, pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, pé Ọlọ́run mọ̀. Gbogbo èèyàn ní àmín. Inú mi dùn, mo ní, ó dáa, wọ́n ti dá orúkọ rẹ̀ padà fún un.

Lẹ́yìn náà la gbé àwo obì kiri. Ó kan Ìyá Fọlá. Ó mú ẹyọ kan, kò jẹ ẹ́. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó gbé e símú. Ó fà mí mọ́ra, ó rọra sọ ọ́ sí mi létí:

"Dúpẹ́ ọmọ mi, kì í ṣe obì inú ilé yìí nìyí, àbí?"

Mo ní, "Rárá, Mà. Ọjà Màkún la ti rà á."

Ó ní, "Ẹ ṣeun." Ó gé obì náà jẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún ìyá mi.